Orí Tí Ọ̀gá Wa Gbẹ́ Kẹ́yìn

                                        Ilé Àwọn Agbẹ́gi,
                                        Àdúgbò Bakurō,
                                        Edo.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta,
                                        Ọdún karùn-ún ìgbà Kaei.

Tomezō, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Ìyá yín àgbà tó bú mi láàárọ̀ tó tún bú mi lálẹ́ nígbà tí mo wá kí yín ńkọ́, ṣé ara wọn ti le? Mo gbọ́ pé òtútù ọdún yìí kò ṣeé fẹnu sọ lọ́dọ̀ yín létí òkun. Ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà, ṣùgbọ́n a dúpẹ́, kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ẹja gbígbẹ tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ìyàwó mi dúpẹ́ gidigidi. Ìrù lásán ló kàn mí.

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn tí mo fi jókòó kọ̀wé sí ọ. O rántí àwòrán òṣèré Kinshi, èyí tó di idà mú, tí òkè Satta tó wà lẹ́yìn ilé yín, òkun àti òkè Fuji wà lẹ́yìn rẹ̀? O sọ nígbà náà pé ayàwòrán yẹn kò dé ọ̀dọ̀ yín rí, nítorí ó gbé òkè Satta lé ibi tí ẹ ń sá ẹja sí. Lára igi tí wọ́n fi tẹ àwòrán náà, èmi ni mo gbẹ́ òkè àti aṣọ, ọ̀gá wa Kanroku ló gbẹ́ orí. Orí yẹn ni wọ́n gbẹ́ kẹ́yìn kí ojú wọn tó fọ́.

Kinshi ti kó lọ sí Ọ̀sákà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Rikiya ló máa gba ipò rẹ̀ nínú eré náà báyìí. Ni Madoya tó ń ta àwòrán wọ̀nyí bá wá bá mi, ó ní kí n yọ orí Kinshi kúrò lára igi, kí n fi igi mìíràn dí ihò rẹ̀, kí n sì gbẹ́ ojú Rikiya sí i. Ìwọ náà mọ̀ pé iṣẹ́ wa nìyẹn. Mélòó la ò tíì yọ? Ṣùgbọ́n ti èyí, ọwọ́ mi kò gbé e. Mo purọ́ fún Madoya pé igi tí mo fẹ́ fi dí i kò tíì gbẹ.

“Isokichi, igi wo ni kò gbẹ látọdún tó kọjá?” Ó ń rẹ́rìn-ín. “Yọ ọ́ jàre. Fuji ò ní bi ọ́ pé ta ló dúró síwájú òun. Tí ò bá sì wù ọ́, àwọn agbẹ́gi òdìkejì odò ń wá iṣẹ́.”

Bí mo bá kọ̀, ẹlòmíràn á fi òòlù fọ́ ọ dànù. Nítorí náà mo yọ ọ́ lódindi, mo fi aṣọ wé e, mo sì gbé e lọ bá ọ̀gá nílé ọmọ wọn obìnrin. Wọ́n jókòó ti ẹyín iná, wọ́n ń retí omi tíì. Mo fi igi náà sí wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ irun náà ní fọ́nrán fọ́nrán.

“Kinshi nìyí. Wọ́n ti lé e?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ẹ má bínú.”

“Bínú kẹ̀? Irun ẹ̀gbẹ́ etí yìí, ọwọ́ mi yẹ̀ níbẹ̀. Àtìgbà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ni ìtìjú rẹ̀ ò jẹ́ n sùn. O ṣeun tó o bá mi mú un kúrò níta. Kó o gbẹ́ ti Rikiya dáadáa o, má fọwọ́ ọ̀lẹ ẹ yẹn gbẹ́ ẹ!”

Wọ́n sì jù ú sínú iná. Mo ké “Yéè!” Wọ́n ní kí n yé pariwo, omi ti fẹ́ hó. A mu tíì yẹn tán, ara mi fúyẹ́, mo sì padà sídìí iṣẹ́. Orí Rikiya ti wọlé, inú Madoya dùn.

Bá mi kí ìyàwó rẹ. Sọ fún ìyá àgbà pé mo ti sanra sí i, kí wọ́n lè rí nǹkan bú.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà ju eéje lọ. Lánàá mo mú àwòrán Kinshi kan tó kù nílé jáde sínú oòrùn, mo sì fi ojú wá irun ẹ̀gbẹ́ etí yẹn títí omi fi bọ́ lójú mi. Tomezō, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ kọ́ṣẹ́ ni mí,
                                        Isokichi.