Bàbá Aránwèé, Ẹni Tó Fi Ọ̀rọ̀ Hébérù Kan Dá Wa Lágara

Ẹ̀yin ẹbí, ará àti ọ̀rẹ́ tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, a kí yín. Ọdún 1946 ni wọ́n bí Bàbá wa, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Aránwèé, nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí bàbá tó bí wọn ti ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán ìwé ìdájọ́ pọ̀ fún ilé ẹjọ́. Ìyá wọn ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú nínú yàrá yẹn kan náà. Ọmọ méjì péré ni wọ́n bí: Bàbá, àti àbúrò wọn obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí.

Bàbá parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1960, wọ́n sì jókòó ti abẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀mù. Ní 1972 wọ́n fẹ́ Màmá wa, agbẹ̀bí, obìnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí inú bá ń bí Bàbá. Mùsùlùmí tó dúró ṣinṣin ni Bàbá, ìrun márùn-ún kì í yẹ̀ wọ́n. Bí ìwé bá ya ní mọ́ṣáláṣí, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ilé ìwé, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń bá wọn tún un rán.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Ní 1983, Bàbá ka ìwé kékeré kan tó sọ pé ọ̀rọ̀ Hébérù kan wà nínú orin ìfẹ́ kan nínú ìwé mímọ́ àwọn Júù tó dún bí orúkọ Ànábì Muhammad, àti pé Ànábì gan-an ni wọ́n dárúkọ níbẹ̀. Inú wọn dùn débi pé wọn kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Wọ́n kọ ìwé tiwọn lórí rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fọwọ́ ara wọn rán ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà, èèpo aláwọ̀ ewé.

Ọkọ Àǹtí, ìyẹn Pásítọ̀, kọ ìwé láti fi dáhùn. Kò burú. Ṣùgbọ́n ní 1998, nínú pálọ̀ wa, lójú àlejò, Pásítọ̀ gbé ìwé Hébérù síwájú Bàbá pé kí wọ́n ka ìlà náà jáde. Bàbá kò lè kà á. Kẹ́ ẹ sì máa wò ó o, Pásítọ̀ fúnra wọn kò lè kà á geere. Ojú ti Bàbá, wọ́n ní Pásítọ̀ kò gbọdọ̀ wọlé wa mọ́. Àǹtí ní ilé tí ọkọ òun kò bá wọ̀, òun náà kò ní wọ̀ ọ́. Bí àbúrò kan ṣoṣo ṣe dẹ́kun wíwá nìyẹn. A bẹ Bàbá, a bẹ Pásítọ̀, ẹnu wa bó.

Kí wọ́n lè borí Pásítọ̀, Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Hébérù ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta. Atún-aago-ṣe kan, Júù, ló ń kọ́ wọn ní gbogbo ọjọ́rú. Bàbá náà ń bá a tún àwọn ìwé àdúrà rẹ̀ rán. Ọdún mẹ́wàá gbáko! Oúnjẹ á tutù, oníbàárà á dúró títí, Bàbá á máa pe álífábẹ́ẹ̀tì. Bí Màmá bá béèrè ìgbà tí Àǹtí máa wá, wọ́n á ní ó ku díẹ̀. Màmá kú ní 2008, ó ṣì ku díẹ̀. Àǹtí sin wọ́n dé ibojì, wọn kò wọlé.

Lóṣù kejì tí Màmá kú, Bàbá bá ọ̀rọ̀ Hébérù yẹn pàdé nínú ìwé wòlíì kan, níbi tí Ọlọ́run ti ń sọ fún wòlíì náà pé Òun fẹ́ mú ohun tí ojú rẹ̀ ń fẹ́ lọ, ìyẹn ìyàwó rẹ̀. Bàbá pa ìwé dé. Wọ́n pè wá jọ sídìí tábìlì iṣẹ́, wọ́n ní: “Kì í ṣe orúkọ ẹnì kankan. Ohun tí èèyàn fẹ́ràn jù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Mo kọ ohun tí mi ò mọ̀, mo sì fi lé àbúrò mi lọ.”

Ìgbàgbọ́ wọn nínú Ànábì kò yẹ̀ rárá. Ẹ̀rí àwọn ni wọ́n ní kò dára. Àwọn ààfáà kan bínú, wọ́n ní ẹ̀rí náà ṣì dúró. Bàbá kò bá wọn jà.

A rò pé ó ti parí, àṣé a ò tíì mọ Bàbá. Aránwèé kì í ya ohun tó bá rán. Àtúnṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá tẹ ìwé pélébé tó jẹ́wọ́ àṣìṣe, wọ́n gbé ike gọ́ọ̀mù àti búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń wá ẹ̀dà ìwé aláwọ̀ ewé náà kiri láti ilé dé ilé kí wọ́n lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ wú, dókítà ní kí wọ́n jókòó, wọn ò gbọ́. Ọ̀dọ̀ Pásítọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Pásítọ̀ ní òun ti dárí jì wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tòun yóò wà bó ṣe wà, nítorí òun ń fi wàásù lọ́dọọdún. Bàbá náà ní àwọn ò ní wọlé jókòó àfi tí gọ́ọ̀mù bá kan ìwé yẹn. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n lọ, ìgbà mẹ́rin ni Àǹtí dúró lójú fèrèsé tí wọ́n ń wò wọ́n. Àgbàlagbà méjì. Ọ̀rọ̀ wọn sú wa, ẹ má bínú.

Bàbá dákẹ́ ní 2023, ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: nọ́ọ̀sì, awakọ̀ rélùwéè, àti àbígbẹ̀yìn wọn obìnrin tó jogún abẹ́rẹ́; wọ́n tún fi ọmọ-ọmọ méje àti àbúrò kan ṣoṣo sílẹ̀.

Níjẹta, lẹ́yìn ìsìnkú, Àǹtí wọlé. Pásítọ̀ tẹ̀ lé wọn, ìwé aláwọ̀ ewé wà lọ́wọ́ wọn. Pásítọ̀ jókòó sí àga Bàbá, wọ́n béèrè gọ́ọ̀mù, wọn ò jẹ́ ká bá wọn lẹ ìwé pélébé Bàbá mọ́ ọn. Ó wọ́, gọ́ọ̀mù ṣàn, ojú ìwé méjì lẹ̀ pọ̀. Àǹtí wo ìwé náà, wọ́n wo ọkọ wọn, wọ́n ní: “Iṣẹ́ ìṣẹ́jú kan.”

Bàbá wa, kí Ọlọ́run forí jì yín, kó dẹ ilẹ̀ fún yín. Inú yín ṣì ń bí wa, ẹkún yín ò sì tíì tán lójú wa. Ẹ sùn re o.