Ẹ̀wù Léèsì Nínú Eérú

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Kánádà, níbi tí òtútù ò ti jẹ́ kéèyàn dọ̀bálẹ̀ pẹ́. Mo kí Màmá, mo kí Àǹtí Bọ́sẹ̀ àti gbogbo ará ilé ní Ọ̀wọ̀.

Iṣẹ́ ń lọ. Ẹrù ni mò ń kó láàárín ọ̀sẹ̀, fọ́tò ni mò ń yà lópin ọ̀sẹ̀. Yìnyín bo gbogbo ọ̀nà. Nígbà mìíràn, ilẹ̀ á mọ́, ilẹ̀ á ṣú, n ò ní bá ẹnì kankan sọ Yorùbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó tí mo fi ránṣẹ́ sọ́wọ́ Àǹtí ra oògùn yín.

Bàbá, fọ́tò yín tí mo yà lóko yín ní Arímògíjà nígbà Kérésì ti wà lára ògiri gbọ̀ngàn kan níbí, láàárín àwọn fọ́tò tó ń fi hàn bí ọmọ aráyé ṣe ń yí igbó àti òkè padà. Màmá ní ẹ ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Ojú gbà mí tì nígbà tí mo gbọ́.

Ṣebí mo ní kí ẹ dúró pẹ̀lú aṣọ oko? Ẹ ní ọmọ Ọ̀wọ̀ wo ló ń fi àkísà ya fọ́tò. Ẹ wọ léèsì funfun, ẹ dé fìlà, ẹ wọ bàtà ṣọ́ọ̀ṣì wọnú eérú igbó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sun. Ẹ dùn ún wò. Àmọ́ àwọn ará ibí rò pé ẹ̀yin ni olówó tó gé igbó náà tà. Obìnrin kan bi mí pé ta ni ìkà yìí. Mo ní bàbá mi ni. Ó bẹ̀ mí títí.

Ẹ̀bẹ̀ yẹn ló dùn mí jù, torí ohun tó sọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ lọ́jọ́ náà pé nígbà èwe yín, igbó dí débi pé oòrùn kì í kan ilẹ̀ níbi tí a dúró sí, pé odò ìsàlẹ̀ náà ti wá gbẹ báyìí. Oko yẹn náà lẹ fi rán wa nílé-ìwé. Ẹ̀yin lẹ ro, àwa la jẹ. Ojú yín ni mo wá gbé kọ́ síwájú àlejò. Èmi wà lẹ́yìn kámẹ́rà, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tí èmi jẹ níbẹ̀.

Àwọn tó ni gbọ̀ngàn náà fẹ́ fi fọ́tò yín sínú ìwé báyìí, wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ní kí n yọ ọ́, màá yọ ọ́. Tí ẹ bá ní kó wà, ẹ sọ ohun tí n ó kọ fún mi, bó ṣe wà lẹ́nu yín gan-an. Lẹ́yìn náà, màá kọ orúkọ tèmi tẹ̀ lé e, pé ọmọ tó jẹ níbẹ̀ nìyí.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ara á le. Ẹ bá mi kí àwọn ará àdúgbò Ìdásẹn.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí ọ̀rọ̀ ẹnu yín,
Délé