Pátákò Ẹṣin Ogun

Bàbá mi tó ti lọ sinmi,

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó jókòó kọ ìwé yìí. Sìmẹ́ǹtì ti jẹ mí lọ́mọ ìka, bó ṣe máa ń jẹ ẹ̀yin náà, tí Ìyá á fi epo pupa pa yín lọ́wọ́, tí ẹ̀yin á sì máa ráhùn bí ọmọdé. Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ẹṣin yín ló dá mi dúró.

Ẹṣin ogun tí ẹ mọ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ní Igbotako ni mò ń wí. Wòlíì àgbà ló rí ẹṣin funfun lójú ìran, tó ń sáré bọ̀ wá bá wa ṣẹ́gun ọ̀tá, ni ìjọ bá ní kí ẹ mọ ọ́n kí gbogbo ojú lè rí i. Ta ló ti rí ẹṣin rí nínú yín? Inú igbó la wà, ọ̀pẹ àti ẹ̀gẹ́ la mọ̀, ẹnu nìkan la fi ń gun ẹṣin. Ẹ wo orí rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n koríko ti bo ẹsẹ̀ ti inú kàlẹ́ńdà. Ni ẹ bá so òbúkọ Ìyá mọ́lẹ̀, ẹ wo pátákò rẹ̀ fínnífínní, ẹ mọ irú rẹ̀ tó tóbi. Bí ẹṣin Olúwa ṣe di ẹlẹ́sẹ̀ òbúkọ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn aboyún a máa fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé àdúrà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin mọ̀, Bàbá. Ẹ rántí ìwúyè tí a bá yín lọ lápá òkè, tí wọ́n gbé ìjòyè tuntun gun ẹṣin yí ìlú ká? Gbogbo èèyàn ń wo ìjòyè, ẹ̀yin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ń wo ẹsẹ̀ ẹṣin. Kí ló dé tí ẹ ò tún tiyín ṣe? Ṣé ìtìjú ni, àbí ẹ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Mo rò pé màá bi yín lọ́jọ́ kan. Mi ò bi yín.

Lọ́dún yìí ni sójà kan tó fẹ̀yìn tì padà wálé láti Kàdúná. Kò fi yín ṣe ẹlẹ́yà, ó kàn rọra sọ fún Alàgbà ìjọ wa pé pátákò ẹṣin kì í là sí méjì. Àwọn ọ̀dọ́ gbọ́, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ń pè é ní òbúkọ ológun káàkiri orí fóònù. Alàgbà ránṣẹ́ pé kí n tún un ṣe kí ìkórè tó dé. Mo kọ̀. Ó tún ránṣẹ́, mo tún kọ̀. Oṣù mẹ́ta la fi ń fà á. Àwọn àbúrò mi ní èmi ni mo wà nílé, kí n ṣe é bó bá ṣe tọ́ lójú mi. Nígbà tó yá, Alàgbà fúnra rẹ̀ wá jókòó sórí àga yín, ó ti rẹ òun náà.

"Ọmọ mi, bí o ò bá fọwọ́ kàn án, ẹni tó máa fọ́ gbogbo rẹ̀, tí á mọ tuntun, ti ń bọ̀ láti Ọ̀rẹ̀."

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹ ò sọ ohun tí tẹ̀yìn máa ṣe bí tiwájú bá ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Lánàá, mo po yanrìn kíkúnná mọ́ sìmẹ́ǹtì, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Níbi tó là ní ẹsẹ̀ kìíní, ojú àtàǹpàkò yín ṣì wà níbẹ̀, níbi tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ nígbà tó wà ní tútù. Mo dí i. Mo sunkún, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹni tó ń kọjá. Lẹ́yìn náà mo dí èkejì, mo dí ẹ̀kẹta, mo dí ẹ̀kẹrin, mo fi ọ̀dà funfun kùn wọ́n.

Inú ìjọ dùn lówùúrọ̀ yìí. Sójà yẹn gbá mi léjìká pé ẹṣin gidi nìyí. Mo dúró tì í, mò ń wá ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, kí n lè sọ fún yín pé ọwọ́ mi ò tíì tó tiyín. Mi ò rí i. Ó dára, Bàbá. Ó dára ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ, ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn.

Èmi ni ọmọ yín tó nífẹ̀ẹ́ yín, tó ń tọrọ àforíjì.