Àwọn Àwòrán Tí Mo Fò

Ọjọ́rú, oṣù Keje, 1991

Omi òjò àná wọlé kọ́sítọ́mà mi ní Ajangbadi, ìyá tó ń kọ́ni ní yunifásítì. Ó sọ ìwé ìtàn iwin òyìnbó àtijọ́ tí ìyá náà ti ń kọ àlàyé lórí àwọn àwòrán inú rẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn di ẹ̀kọ.

Láàárọ̀ yìí, wọ́n sáré wọ ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì mi ní Ìyànà-Ìbá. “Fọ́tòkọ́pì ìwé yẹn tí mo ní kí o ṣe, kí o sì bá mi dì ńkọ́?”

“Ó wà, Mà.”

Kí n má purọ́ fún ara mi. Àwòrán dúdú máa ń mu ínkì jù, ni mo bá fo gbogbo wọn. Ta ló ń wo àwòrán?

Wọ́n ṣí i títí dé ẹ̀yìn. Wọn ò bú mi. “O ṣé, ọmọ mi.” Wọ́n wá fi ìborùn wé e, wọ́n gbé e mọ́ àyà bí òkú ọmọ.