Dárasími, Màmá Rẹ Ti Jẹ́ Kí Akátá Wọlé

Olúwadárasími, ọdún mẹ́ta pé lónìí tí àwa ẹbí Àjíṣafẹ́ ti ń pè ọ́ tí o ò dáhùn. Ọdún mẹ́ta! Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin péré ló mú ọ lọ, títí di òní kò tíì yé wa.

Nǹkan ti yí padà. Ilé Ayọ̀bọ̀ ti ní òrùlé. Títílọpẹ́, àbúrò rẹ, ti jáde yunifásítì, ó ti ń ṣiṣẹ́. Géèmù tí ìwọ àti Jàfárù ọ̀rẹ́ rẹ jọ ń ṣẹ̀dá ti dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láti Bùràsíìlì, láti Íńdíà, láti Ìkòtún níbí, oníkálukú tó ń ṣeré rẹ̀ ló ní ilẹ̀ tirẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń tọ́jú koríko àti ẹranko, àwọn ẹranko ń bímọ, ọmọ-ọmọ wọn sì ń yàtọ̀ sí wọn díẹ̀díẹ̀. Àlá rẹ ṣẹ, o ò sì sí níbẹ̀.

Màmá rẹ ló jogún ilẹ̀ tìrẹ. Aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì máa ń wà lọ́rùn rẹ̀ láàárọ̀, yóò gbàdúrà kó tó ṣí géèmù náà lórí fóònù. Ehoro tí o fi ọwọ́ ara rẹ yà, èyí tó ní àmì funfun níwájú orí, ọmọ-ọmọ ló ń pè é. Obìnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi fótò ránṣẹ́ ti di darandaran orí fóònù!

Ṣùgbọ́n akátá wà lórí ilẹ̀ náà. Ọjọ́ tí màmá rẹ rí i tó gbé ehoro kan, igbe tó ké mú gbogbo ará ilé sáré jáde. Àgbà ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ, ká tó fàbọ̀ bá adìyẹ. Màmá rẹ lé gbogbo akátá jáde, ó sì mọ odi yí ilẹ̀ náà ká. Ta ló máa bá a wí? Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Obìnrin tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin ọmọ kò tún fẹ́ rí ikú kankan.

Háà, Dárasími! Ehoro pọ̀ bí eṣú. Àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn náà sanra, ẹsẹ̀ wọn kúrú, wọn ò lè sáré mọ́. Wọ́n jẹ koríko tán, wọ́n hú gbòǹgbò jẹ, ni ebi bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n lójoojúmọ́. Màmá rẹ gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ó ní kí ṣọ́ọ̀ṣì gbàdúrà fún ehoro. Wòlíì wò ó títí, ó wá kọ ehoro sínú ìwé àdúrà.

Jàfárù wá láti Gowon Estate. Ó wo ilẹ̀ náà, ó ní, "Mummy, ẹ wó odi yẹn jàre. Dárasími ló dìídì fi akátá síbẹ̀. Tí akátá ò bá wọlé dín wọn kù, ebi ló máa pa gbogbo ehoro tán."

Màmá rẹ ní ọmọ òun kì í pa eèrà, báwo ló ṣe máa jókòó dá apani? Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi di fóònù mú, kò wó odi, kò jẹun dáadáa. Tó bá wó o, òun ló fa ikú wọlé. Tí kò bá wó o, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ tó kù sí i lọ́wọ́ yóò parun.

Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn àdúrà ìrántí rẹ, ó wó odi náà. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí akátá fi gbé ehoro kan, màmá rẹ sì kígbe. Orúkọ rẹ ló pè! Jàfárù rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ní koríko yóò tún hù, èyí tó yára yóò bí èyí tó yára, àyè èyí tó lọ yóò sì kún.

Màmá rẹ ní bóyá bẹ́ẹ̀ ni, kò yé òun, ṣùgbọ́n òun gbà. Ó wá bi Jàfárù pé ti Dárasími ńkọ́, ta ló ti kún àyè rẹ̀ nínú ilé yìí láti ọdún mẹ́ta? Jàfárù bú sẹ́kún. Gbogbo wa bú sẹ́kún.

A fẹ́ràn rẹ, Dárasími. Àárò rẹ ń sọ wá. Àyè rẹ ṣì ṣófo.