Dúró Dè É

Ajé, 4 Oṣù Kẹfà
Ọ̀gá ilé sinimá ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti tún gbọ̀ngàn kùn, fíìmù Alákàbà ni wọ́n fẹ́ fi ṣí i. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín àtijọ́ tí kò lóhùn yẹn, tí Bàbá mi máa ń tẹ dùùrù sí nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ní ta ni òun ìbá tún pè bí kò ṣe ọmọ wọn. Mo ní ó dáa. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rò ó dáadáa. Ọmọ wọn ọ̀hún — èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní dò-rè-mí láti ogún ọdún.

Ọjọ́rú, 6
Mo sọ fún Màmá. Wọ́n ń lọ aṣọ, wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní àwọn ò ní lọ. Láti ọdún márùn-ún tí a ti sin Bàbá, wọn ò tẹ gbọ̀ngàn yẹn mọ́, bẹ́ẹ̀ ni mi ò gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ẹ̀rín músẹ́, ìyẹn wà. Ẹ̀rín gidi tó ń mi èjìká wọn ni mo ń wí. Kí n má purọ́ fún ìwé: torí rẹ̀ ni mo ṣe gbà láti tẹ dùùrù.

Ẹtì, 8
Mo tú àpótí Bàbá. Ìwé orin Alákàbà wà níbẹ̀, kòkòrò ti jẹ ẹ́ létí. Níbi tí Alákàbà ti ń ki ẹsẹ̀ bọ korobá ọ̀dà, Bàbá fi pẹ́ńsù kọ ọ́: *Dúró dè é.*
Dúró de ta? Kì í ṣe èrò ìwòran, wọn ìbá kọ "dè wọ́n". Ẹnì kan ṣoṣo ni. Alákàbà fúnra rẹ̀ ni, àbí?

Àìkú, 10
Ìka ń ro mí.

Ìṣẹ́gun, 12
A dán an wò ní gbọ̀ngàn, èmi àti Bàbá Ẹ̀rọ, tí wọ́n ti ń yí fíìmù láti ayé Bàbá. Ní kékeré, abẹ́ dùùrù ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Bàbá. Ọmọdé dùn. Mo dúró de Alákàbà — ó ti sá lọ, ọ̀dà lẹ́sẹ̀. Ìdúró náà ò bọ́gbọ́n mu rárá.
Bàbá Ẹ̀rọ ní àwọn rò tẹ́lẹ̀ pé àwọn ni Bàbá ń dúró dè, kí àwọn pààrọ̀ róòlù fíìmù. "Àmọ́ róòlù ò tíì tán níbẹ̀ o." Wọ́n ní ṣe ni Bàbá máa ń gbọ́wọ́ sókè, tí wọ́n á yí ọrùn wo ẹ̀yìn.

Ọjọ́bọ̀, 14
Mo fi ìwé náà han Màmá. Wọ́n bọ́ awò ojú, wọ́n tún un wọ̀.
"Èmi ni."
Ẹ̀rín àwọn máa ń pẹ́, wọ́n ní. Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín tán kí àwọn tó rí ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo gbọ̀ngàn ti dákẹ́ kí àwọn tó bú sẹ́rìn-ín, àwọn nìkan. Ojú ti àwọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ dùùrù yíjú wẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, kì í tẹ̀ ẹ́ lọ láìgbọ́ ẹ̀rín àwọn. Nílé, Bàbá a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́: bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.
"Mi ò mọ̀ pé ó kọ ọ́ sílẹ̀."
Mi ò béèrè bóyá wọ́n máa wá.

Àbámẹ́ta, 16
Ọ̀sán. Gbọ̀ngàn kún. Ẹ̀rù ò jẹ́ kí n wo orí àga.
Alákàbà ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀dà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́wọ́ sókè. Ẹ̀rín tán. Bàbá Ẹ̀rọ wúkọ́ lókè. Ẹnì kan ní mo ti ṣìnà nínú orin. Mo yí ọrùn bíi ti Bàbá — òkùnkùn. Mo dúró.
Ó wá dún, láti ìlà kẹta. Òun nìkan. Ẹ̀rín tí mo mọ̀. Àwọn èèyàn yíjú síbẹ̀, ẹ̀rín Màmá wá ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín.
Ó yẹ kí n máa tẹ dùùrù lọ. Omijé ò jẹ́ kí n rí ìwé orin. Màmá ló wá dúró dè mí.