Àwọ̀n Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Gé

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ojú omi, ẹ kú òjò tó ń pa yín lórí ọkọ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni kí ẹ fi mí sí bí ẹ ti ń gbọ́ ìwé yìí. Mo kí ìyá mi, mo kí Akin àbúrò mi tí yóò kà á sí yín létí, mo kí gbogbo ará ilé. Òtútù kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ ní Johannesburg. Bí mo bá ń lọ sí yunifásítì láàárọ̀, èémí ẹnu mi máa ń yọ bí èéfín. Ara mi le, mò ń jẹun. Ọkàn mi nìkan ni kò balẹ̀.

Ẹ ó rántí fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ láti etíkun, èyí tí mo ti ń rẹ́rìn-ín, tí mo mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ náà. Ẹ ò kí mi kú iṣẹ́. Ohun tí ẹ sọ kò ju èyí lọ: "Oríyọmí, àwọ̀n ta ni ẹ gé yẹn?" Láti ọjọ́ náà n kò dá yín lóhùn. Ẹ pè mí títí, n kò gbé e. Mo sọ fún Akin pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò dáa. Irọ́ ni mo pa.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ kó tó di ọ̀rọ̀ àwọ̀n. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, èmi àti ọmọbìnrin mẹ́ta la jọ ń gbé fúláàtì kan ní Braamfontein. Bàbá ọ̀kan jẹ́ lọ́yà, ti èkejì jẹ́ dókítà. Wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́ bàbá tèmi. Mo ní orí omi ló ti ń ṣiṣẹ́. Thandi, ẹni tó sún mọ́ mi jù nínú wọn, ní ṣé ọ̀gá ọkọ̀ òkun ni? Mo rẹ́rìn-ín, n kò sì sọ pé rárá. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi sẹ́ yín, bàbá mi. Odindi ọdún méjì ni mo fi jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a gba ìsinmi, èmi àti Thandi yọ̀ǹda ara wa fún àwọn kan tó ń tún etíkun ṣe ní abúlé apẹja kan, níbi tí bọ́ọ̀sì ti máa ń rìn tọ̀sán tòru kó tó dé. Kò sówó níbẹ̀, oúnjẹ àti ibùsùn ni wọ́n ń fún wa. Òkun ibẹ̀ kò jọ tiwa. Omi rẹ̀ tutù débi pé ó ń dun ni dé egungun. À ń ṣa ike, à ń ṣa ọ̀rá, a sì ń fa òkú àwọ̀n jáde láàárín àpáta, àwọn tí ọkọ̀ ńlá sọ nù tí ẹyẹ ń há sí títí wọ́n fi ń kú. Iṣẹ́ rere ni, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé máa ń sọ mí. Bí kò bá sẹ́nì kankan nítòsí, mo máa ń sọ èdè Ìlàjẹ wa sí omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a bá àwọ̀n kan lórí àpáta. Ó ti gbó, okùn oríṣiríṣi ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, sílípáàsì àtijọ́ tí wọ́n gé wẹ́wẹ́ ló ń mú un léfòó. Lójú àwọn yòókù, pàǹtí ni. Mo fọwọ́ kàn án. Àwọn kókó rẹ̀ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ di títa ni, òórùn ẹja tútù sì wà lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ló sá a. Lindiwe, obìnrin tó jẹ́ olórí wa, rí i pé mo dúró. Ó bi mí bóyá mo mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Thandi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo bá ní mo mọ̀, wọn ó bi mí níbi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ní n kò mọ nǹkan kan. Lindiwe na àlùmọ́gàjí sí mi, mo gbà á, mo gé àwọ̀n náà. Ìgbà yẹn ni wọ́n ya fọ́tò.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá àgbà kan wá sí ilé tí a wọ̀. Oom Dawid ni gbogbo ìlú ń pè é. Oom ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ọkùnrin níbẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó bi wá bóyá a rí àwọ̀n òun. Lindiwe gbé àpò tí a kó o sí jáde. Ó bẹ bàbá náà gidigidi, ó búra pé kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Bàbá náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ọmọ ìlú ńlá ni wá, a ò lè mọ̀. Ó dárí jì wá, ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Bàbá mi, ìdáríjì yẹn kò tọ́ sí mi. Lọ́jọ́ kẹta mo jẹ́wọ́ fún Lindiwe. Ó ní òun ti búra nítorí mi, nítorí náà kí n lọ fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Mo lọ. Mo sọ fún Oom Dawid pé mo mọ̀ pé àwọ̀n náà ní ẹni tó ni ín kí n tó gé e. Ó bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Mo ní, "Apẹja ni bàbá mi." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà máa jáde lẹ́nu mi ní ilẹ̀ yìí.

"Nígbà náà, ìwọ lo burú jù nínú wọn." Ó wí i jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ó ti abẹ́rẹ́ àwọ̀n sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n jókòó.

Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ bá a tún àwọ̀n náà ṣe lẹ́yìn iṣẹ́. Ọwọ́ mi kò tíì gbàgbé bí ẹ ṣe kọ́ mi. Lọ́sẹ̀ kejì mo sọ òótọ́ fún Thandi. Kò bi mí ní nǹkan kan nípa ọkọ̀ òkun, ó kàn tẹ̀ lé mi lọ, ó ń bá mi di okùn mú. Ṣùgbọ́n ẹja kì í dúró de ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ ya. Wọ́n rọ́ wá lápapọ̀ lọ́dún yìí. Ọkọ̀ àwọn ẹlòmíràn ń kún dé, Oom Dawid ń wò wọ́n láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, èmi náà ń wò ó. Nígbà tí ẹja náà fi kọjá lọ, ihò tó kù nínú àwọ̀n náà ṣì tóbi tó ìlẹ̀kùn. Bó ṣe wà nìyẹn tí mo fi padà sí Johannesburg. Kò jáde wá sìn mí. Ìyàwó rẹ̀ ló wé ẹja gbígbẹ fún mi, èyí tí aládùúgbò fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Bàbá mi, n kò ní sọ pé mo ti tún un ṣe. Mo gbé ìwé yìí síta gbangba lórí ayélujára, pẹ̀lú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo ẹni tó mọ̀ mí níbí lè mọ ọmọ ẹni tí mo jẹ́, kí wọ́n sì mọ ohun tí mo ṣe.

Kí Olúwa pa yín mọ́ lójú omi. Kí òkun fún yín ní tirẹ̀, kó má gba tiyín. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí ìyá mi, àwọn ẹ̀gbọ́n, àti gbogbo ará àdúgbò. Akin, àwọn àgbà tó ń bá Bàbá tún àwọ̀n ṣe ni kí o ka èyí níwájú wọn. Àánú mi lè máa ṣe ọ́; má torí ẹ̀ fo ibì kankan.

Èmi ni ọmọ yín,
Oríyọmí.